Ẹ̀yà Tí Ewu Rẹ̀ Kéré

Iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe ni pé kó máa fura sí omi. Ilé iṣẹ́ kan tó ń rọ omi mímu sínú ike ló gbà á, ó sì ti lo ọdún méjìdínlógún níbẹ̀, débi pé kò sí ẹni tó tún ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyá Àyẹ̀wò ni tọmọdé tàgbà ibẹ̀ ń pè é. Láràárọ̀ á wọ ẹ̀wù funfun, á kó irun rẹ̀ sínú fìlà onírọ́bà, á bu omi díẹ̀díẹ̀ nínú èyí tí ẹ̀rọ ṣe lánàá, á dà á sínú àwọn àwo pẹlẹbẹ tó ní ìdérí, á sì tì wọ́n mọ́ inú àpótí olóoru. Tí kòkòrò bá wà nínú omi náà, ibẹ̀ ni yóò hù sí. Ohun tí ojú kò rí lánàá á wá yọ bí àmì kéékèèké, funfun tàbí pupa, á sì kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà á kọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta sínú ìwé: Kò sí, Díẹ̀, tàbí Púpọ̀.

Púpọ̀ kì í dẹ́rù bà á. Omi tí kòkòrò ti pọ̀ nínú rẹ̀, ta ni yóò jiyàn lé e lórí? Wọ́n á dà á nù, ọ̀rọ̀ parí. Díẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Díẹ̀ ni àwọn ọ̀gá máa ń fẹ́ kó gbójú fò, tí wọ́n á máa fi ẹ̀rín bẹ̀ ẹ́ pé, "Ìyá Àyẹ̀wò, àmì mẹ́ta péré!" Òun á ní àmì mẹ́ta òní ni ọgọ́rùn-ún ọ̀la. Á ní kékeré la ti í pẹ̀kàn ìrókò, tó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ó ti da omi tó lè gbé ọkọ̀ ojú omi nù nítorí àmì mẹ́ta. Wọ́n bú u títí, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kò sì tíì sí ẹni tí omi ilé iṣẹ́ náà ṣe ní jàǹbá. N ò bá a wí. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó ń gba àwọn ẹlòmíràn là lẹ́nu iṣẹ́ yìí gan-an ló fẹ́ pa òun fúnra rẹ̀ nílé.

Kíndìnrín tó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Tirẹ̀ méjèèjì ti dákẹ́ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, lẹ́yìn ọdún méjì tí ọkọ rẹ̀ kú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá kan ṣoṣo tó kù fún un láyé, ló ní kí wọ́n yọ ọ̀kan lára òun fún un. Àwọn dókítà fi í sísàlẹ̀ ikùn rẹ̀ lápá ọ̀tún. Akunlé ni àbúrò yìí. Ó ń gun àkàbà, ó ń fi ọ̀dà kun ilé onílé, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Láràárọ̀ ló máa ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Kíndìnrín mi ńkọ́? Ṣé ẹ fún un lómi mu?"

"Ó ní kí n kí ọ. Ó ní ibi tóun wà báyìí tura ju ọ̀dọ̀ rẹ lọ."

"Aláìmoore gbáà ni!"

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, oníkálukú á gba ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nítorí kíndìnrín àlejò yìí, Ìyá Àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ máa lo oògùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ara èèyàn ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, wọn kì í sì í fẹ́ràn àlejò. Oògùn náà ló ń kùn wọ́n lóorun kí wọ́n má baà dìde sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tó ń tòògbé lè má rí olè, ìdí nìyẹn tí ilé ìwòsàn fi ń yẹ irú àwọn bẹ́ẹ̀ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ní ọdún yìí, ihò ìdí ló kàn. Nọ́ọ̀sì ní kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ti òwú orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ibẹ̀, ó yí i po, ó yọ ọ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá kòkòrò tí wọ́n ń pè ní HPV wà níbẹ̀, torí pé àwọn ẹ̀yà kan nínú rẹ̀ lè fa jẹjẹrẹ tó bá pẹ́ lára. Ìtìjú bá Ìyá Àyẹ̀wò débi pé ògiri ló dágbére fún, kò dágbére fún nọ́ọ̀sì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni èsì wọlé sórí fóònù rẹ̀, lásìkò ìsinmi ọ̀sán, bó ṣe bu òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu.

"Àyẹ̀wò HPV ní ihò ìdí: pọ́sítíìfù, ó wà. Ẹ̀yà tí ewu rẹ̀ kéré ni. A kò rí ẹ̀yà tí ewu rẹ̀ pọ̀. Ẹ wá rí nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ tí a dá fún yín. Tí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ pe nọ́mbà yìí."

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ṣì ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ẹlòmíràn ì bá ka èsì yìí kó mí kanlẹ̀. Ìyá Àyẹ̀wò kà á bó ṣe ń ka àwo. Ó wà: ìyẹn ni pé ó ti wọlé. Ewu rẹ̀ kéré: ìyẹn ni pé Díẹ̀ ni. Wọn ò rí èyí tí ewu rẹ̀ pọ̀: wọn ò tíì rí i ni, ó ń bọ̀ lọ́nà. Lójú tirẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, tó ń ti orí kékeré bọ́ sórí ńlá. Jẹjẹrẹ ti wà nídìí òun, ó ṣì ń rákò ni, kò ní í pẹ́ rìn. Ẹ̀rù bà á, òkèlè àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó tu ú sínú bébà, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ìsinmi fi parí.

Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ èsì omi ẹlòmíràn ni, á bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ó kúkú pe nọ́mbà náà lẹ́ẹ̀kan. Ohùn ọmọkùnrin kan dáhùn, ohùn náà dùn létí.

"Ẹ káàsán mà. Kí lẹ fẹ́ bèèrè?"

Gíláàsì ni ògiri láàbù rẹ̀, àwọn mẹ́ta sì ń jẹun lódìkejì. Báwo ni obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ṣe fẹ́ máa pe ihò ìdí rẹ̀ sétí ọmọ ọlọ́mọ?

"Ẹ má bínú," ló wí, "mo ṣi nọ́mbà pè ni."

Abéèrè kì í ṣìnà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sórí. Àmọ́ ká mọ òwe lọ́tọ̀, ká la ẹnu lọ́tọ̀.

Nígbà tó délé, ó bọ́ síwájú àwòrán ọkọ rẹ̀ olóògbé lára ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fìbínú bi í léèrè. "Ta lo lọ bá sùn?" Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkùnrin náà, ọkùnrin kankan kò fọwọ́ kàn án. Òun àti ọkọ rẹ̀ kò sì lo ibẹ̀ yẹn rí nígbà ayé rẹ̀. Nígbà náà, ibo ni kòkòrò gbà? Òkú ò rojọ́. Ó yí ojú àwòrán náà sí ògiri, ó sì sunkún, nítorí pé ó fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, ó sì ti fi ọdún mẹ́fà ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ láìní ìfura kankan sí i.

Lẹ́yìn èyí ló wá ń wá ọ̀rọ̀ kiri lórí fóònù. Ó rí gbólóhùn kan tó mú un dání: pé lára àwọn tó ń lo oògùn tó ń tẹ àwọn ọmọ ogun ara lórí ba, kòkòrò yìí máa ń pẹ́ kó tó lọ. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ gùn, kò kà á. Èyí tó kà ti tó o, torí pé ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Nílé iṣẹ́, tí Díẹ̀ bá ti yọ lójú àwo, asẹ́ ni wọ́n ń lọ bá. Wọn á tú u, wọn á wo ibi tó ti ṣí sílẹ̀, wọn á sì dí i. Asẹ́ tara òun rèé, oògùn ló ṣí i sílẹ̀. Kí òun jí àwọn ọmọ ogun náà díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn o, díẹ̀ ṣáá, kí wọ́n lé kòkòrò yìí jáde kó tó di ńlá, kí òun tún wá kùn wọ́n padà.

Oògùn mẹ́rin ló ń lò láàárọ̀, mẹ́rin nírọ̀lẹ́. Ó sọ ọ́ di méjì méjì. Obìnrin tí kì í gba Díẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá kankan wá gbà á gbọ́ lẹ́nu ara rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní lọ dáadáa, ohun tó sì burú nínú rẹ̀ nìyẹn. Oògùn náà máa ń mú kí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n tẹ́lẹ̀, débi pé ó ní láti gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì kó tó lè kán omi sínú àwo. Ọwọ́ náà dúró jẹ́ẹ́. Ó mú un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Tí àbúrò rẹ̀ bá pè tó béèrè kíndìnrín rẹ̀, á ní, "Ó wà pa." Kò sì rò pé irọ́ lòun ń pa.

Nílé, ó ń fi omi apakòkòrò, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ ọpọ́n ilé iṣẹ́, fọ gbogbo ohun tí ìdí rẹ̀ bá kàn: àga, ìjókòó ṣáláńgá, aṣọ ìnura. Ó ya ife tirẹ̀ sọ́tọ̀ bí ẹni pé ìdí ló fi ń mumi. Ojú ń ta á, imú ń ta á, àwọn alábàágbé sì ń béèrè bóyá ó fẹ́ kó kúrò nílé náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàtà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó ra èyí tó tóbi. Ìtọ̀ rẹ̀ dín kù, ó dúdú bí omi tíì, ó sì ń hó lójú. Ó ní ooru ló fà á, bẹ́ẹ̀ òjò ti ń rọ̀ láti ìjẹta. Ibi tí kíndìnrín náà wà nísàlẹ̀ ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ìrora tí kò pariwo, tó kàn jókòó síbẹ̀. Ó ń fọwọ́ bò ó tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ní ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ohun kan ń sọ fún un pé omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti pinnu pé kòkòrò ìdí ló ń gòkè bọ̀. Bí ara rẹ̀ ṣe ń wú sí i ni ẹ̀rù kòkòrò náà ń pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀rù náà pọ̀ jù, ó lo oògùn kan ṣoṣo láàárọ̀, kò lo ti ìrọ̀lẹ́ rárá.

Ọjọ́ ìsinmi ọ̀sẹ̀ kẹta ni àbúrò rẹ̀ wá láìsọ tẹ́lẹ̀, ọ̀dà àwọ̀ ewé ṣì wà létí rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n lo ilé ìtọ̀ yín kí n tó kí yín."

"Má lọ síbẹ̀!"

Àbúrò dúró. Ó rí aṣọ ìnura méjì tí wọ́n so lọ́tọ̀, ó gbóòórùn ilé náà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi lẹ ń kórìíra ni? Ara mi wà nínú yín, ẹ ò wá fẹ́ kí n jókòó sórí àga yín?"

"Kì í ṣe ìwọ."

"Ta wá ni?" Ó sún mọ́ ọn. "Ojú yín wú o."

"Oorun ni."

Àbúrò rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n. Ó kúnlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì yọ ọwọ́. Bí ó ṣe máa ń yẹ ògiri wò nìyẹn kó tó fi ọ̀dà kàn án, torí pé ògiri tí omi bá ti wọ̀ kì í padà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Ibi tó tẹ̀ dá kòtò, kòtò náà sì wà níbẹ̀, kò padà. Àwọn méjèèjì ń wò ó.

"Omi ti wọ ògiri yìí," ni àbúrò wí. Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ mú bàtà, ká máa lọ sílé ìwòsàn."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Dókítà kan wọlé wá, ó dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó béèrè bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀ pé.

"Mò ń lò ó," ni Ìyá Àyẹ̀wò dáhùn, torí pé àbúrò rẹ̀ ń wò ó lẹ́nu.

Dókítà wo bébà ọwọ́ rẹ̀, kò sì jiyàn. Ó ní kí àbúrò lọ bá àwọn mu káàdì kan wá nísàlẹ̀. Nígbà tí ìyẹn jáde, ó ní, "Ìyá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín sọ fún wa bí oògùn náà ṣe pọ̀ tó lára yín. Kò tó ìdajì ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀." Ó jáde, ó sì rán nọ́ọ̀sì wọlé.

Ẹni tó ti fi ọdún méjìdínlógún ká irọ́ mọ́ omi lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ká irọ́ mọ́ òun náà lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì tó wọlé ni èyí tó yẹ ìdí rẹ̀ wò lọ́jọ́sí, obìnrin onígíláàsì kan tí kò kánjú. Ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Àyẹ̀wò kọ́kọ́ kọjú sí ògiri. Nígbà tó ṣe, ó jẹ́wọ́ fún un, tòun ti ògiri: àtẹ̀jíṣẹ́ náà, Díẹ̀ àti Púpọ̀, asẹ́ tó ṣí sílẹ̀, oògùn méjì méjì.

Nọ́ọ̀sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Ìyá, kì í ṣe bó ṣe pọ̀ tó la kọ síbẹ̀. Irú tó jẹ́ la kọ. HPV ní ẹ̀yà rẹpẹtẹ. Àwọn kan wà tó lè fa jẹjẹrẹ tí wọ́n bá pẹ́ lára. A wá àwọn yẹn, a ò rí ìkankan. Èyí tó wà lára yín, kò wọ́pọ̀ kó ṣe ju kó hu kókó kéékèèké sí etí ihò ìdí lọ, a sì ń tọ́jú ìyẹn. Ìgbà mìíràn kì í tilẹ̀ hu nǹkan kan, á kàn bá tirẹ̀ lọ ni."

"Ṣé kò ní í dàgbà di èkejì?"

"Ṣé ológbò máa ń dàgbà di ẹkùn ni?"

Ìyá Àyẹ̀wò kúrò lójú ògiri, ó kọjú sí i.

"Nítorí oògùn yín, ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ," ni nọ́ọ̀sì tún wí. "Ìdí tá a fi ní kẹ́ ẹ máa wá nìyẹn, ká lè máa yẹ̀ yín wò. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí ẹ fọwọ́ kan kókó, kẹ́ ẹ tètè wí. Ohun tí ẹ ní láti ṣe nípa rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ọkọ mi ló kó o ràn mí?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin náà ò lè mọ̀. Ó lè ti wà lára yín láti ogún ọdún, kó kàn dákẹ́ síbẹ̀. Ó lè ti wà lára ọkọ yín kó tó mọ̀ yín rárá. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ti lo ibẹ̀ yẹn kó tó débẹ̀, ọwọ́ lè gbé e, ara lè fi kan ara. Àyẹ̀wò yìí ò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Omijé bọ́ lójú obìnrin náà fún ọkọ tó yí àwòrán rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ó nù ún kíákíá.

"Kí ló wá ń ṣe mí báyìí?"

Nọ́ọ̀sì wò ó. "Àwọn ọmọ ogun tí ẹ jí, kòkòrò yẹn kọ́ ni wọ́n lọ bá. Kíndìnrín ni wọ́n dojú kọ."

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Obìnrin yìí ti ṣe é, ó tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pe ẹ̀tẹ̀ wọlé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń rọ oògùn líle sí i lára láti gba kíndìnrín náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, dókítà padà wá, ó ní kíndìnrín náà ti gbọ́ oògùn díẹ̀. Ó ní èyí tó ti bà jẹ́ nínú rẹ̀ kò ní í padà, ìdá kan nínú mẹ́ta ló ṣẹ́kù tó ń ṣiṣẹ́. Ó lè gbé e fún ọdún mélòó kan. Ó sì lè máà lo oṣù mẹ́fà. Kò ní ohun tó lè ṣèlérí.

Àbúrò rẹ̀ wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Wọ́n ti sọ fún un nísàlẹ̀ pé kíndìnrín náà ti fẹ́ kọṣẹ́, wọn ò sọ ohun tó fà á, torí pé ọ̀rọ̀ aláìsàn ni. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó dúró létí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Nítorí kí ni?"

"Bóyá èyí tó dára kọ́ ni mo fún yín. Mo ti ń rò ó láti àná. Ọ̀dà tí mò ń fà símú láti ọjọ́ tó ti pẹ́, bóyá ó ti bà á jẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ó yẹ kí n ti sọ fún dókítà nígbà yẹn. Mi ò sọ, torí mò ń bẹ̀rù pé wọn ò ní í gbà á lọ́wọ́ mi."

Ìyá Àyẹ̀wò wo ọwọ́ tó di tirẹ̀ mú, ọ̀dà wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó rọrùn kó dákẹ́. Ẹnikẹ́ni nílé ìwòsàn náà kò ní í tú u, àbúrò rẹ̀ á sì máa tọrọ àforíjì títí ayé, á máa pè é láràárọ̀. Mo bá a ṣírò rẹ̀, n ò sì mọ ohun tí èmi ì bá ṣe.

"Kíndìnrín rẹ ò ṣẹ̀," ló wí. "Ó dára. Èmi ni mo dín oògùn kù."

"Ẹ dín in kù?"

"Wọ́n rí kòkòrò kan ní ìdí mi. Ojú tì mí láti bèèrè. Mo rò pé jẹjẹrẹ ni, mo fẹ́ lé e jáde. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kò tilẹ̀ ní í di jẹjẹrẹ."

Àbúrò rẹ̀ ń wò ó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le, ó rí bíi ti ẹni tó ń sọ fún àlejò pé oúnjẹ ti tán nílé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀kan ló kù sí èmi náà lára. Mi ò ní òmíràn tí mo lè fún yín."

Nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn wọlé láti wá gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀sán. Àbúrò rẹ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí nọ́ọ̀sì lè ráyè. Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ náà, ó lẹ orúkọ mọ́ ọn, ó jáde. Àbúrò rẹ̀ kò padà wá sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.